Nígbà Tí Fóònù Bá Ti Ké

Fóònù ti ké kí Màmá tó pè é.

"Eyínafẹ́! Eyínafẹ́ o! Àbí o ti lọ ni?"

Olùtọ́jú tí Màmá ń pè dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ti lẹ àmì funfun kékeré kan mọ́ ara férémù ilẹ̀kùn. Bí ó bá dé, yóò fi fóònù kàn án, fóònù yóò ké. Bí ó bá ń lọ, yóò tún fi kàn án, yóò sì tún ké. Àárín igbe méjèèjì ni wọ́n ń sanwó fún. Ìrìn láti ilé arúgbó kan dé ilé òmíràn kò sí nínú rẹ̀, òjò tó ń pa á lójú ọ̀nà kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn igbe kejì, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rárá ni.

"Mo wà níbí, Màmá. Kí ló dé?"

"Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí, ọmọ mi. Má bínú. Ó jọ pé tíì yẹn ni."

Arúgbó mìíràn ń dúró dè é ní òpópónà kejì. Ó wo ojú ọ̀nà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó padà wọlé.

Màmá wà lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, níbi tó máa ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Aránṣọ ni nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ríran wọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣì wà ní igun yàrá, ó da aṣọ bò ó bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ bo ọmọ tó sùn. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé ìlú mìíràn, a sì máa pè é lórí fóònù bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Màmá ló sọ olùtọ́jú náà ní Eyínafẹ́. Ó ní eyín tó dára tó báyìí, ẹni tó ni ín sì ń fi í pamọ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wá yá a lọ.

"Ẹ rọra dìde, Màmá. Ẹ di ọ̀pá yín mú."

"Mo dì í mú. Wo etí yẹ̀rì rẹ, ó ti ń tú."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé balùwẹ̀ ná."

"Èmi tí mo rán aṣọ fún ìyàwó àti ìyá ìyàwó, kí n wá máa wo irú èyí nínú ilé ara mi! Bí àwọn oníbàárà mi bá rí ọ lọ́dọ̀ mi, wọ́n á gba aṣọ wọn padà."

Ẹ̀rín ń pa olùtọ́jú lọ nígbà tí ẹsẹ̀ Màmá yọ̀ lórí ilẹ̀ balùwẹ̀. Ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra kó tó kanlẹ̀. Nǹkan kan já pàù ní ìbàdí olùtọ́jú, ìrora sì sáré gba itan rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kò lè nàró, kò lè bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, Màmá wà láyà rẹ̀, àwọn méjèèjì ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló rí yọ. Ó fi í tẹ fóònù, ó gbé e lé etí abọ́ ìfọwọ́, ó sì jẹ́ kí ohùn máa jáde síta.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnì kan wá bá mi. Màmá fẹ́ ṣubú, mo gbá wọn mú, ẹ̀yìn mi ò sì jẹ́ kí n mira."

"Màmá wo?" Alábòójútó wọn ni, ohùn rẹ̀ ń kánjú bí ti ẹni tí fóònù mìíràn tún ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Màmá Aránṣọ? O ti jáde níbẹ̀. Mò ń wò ó níwájú mi báyìí. Fóònù ti ké."

"Mo padà wọlé ni, mà. Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n wọ́n."

"Ta ló ní kí o padà?"

Olùtọ́jú tún Màmá gbá mọ́ra dáadáa.

"Mo ní ta ló rán ọ? Lọ́dọ̀ tiwa, o ò sí nínú ilé yẹn. Bí egungun arúgbó yẹn bá ṣẹ́, kí la fẹ́ sọ pé ò ń ṣe níbẹ̀? Bí ẹ̀yìn tìẹ náà bá kán, ta ló máa tọ́jú rẹ? Bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, màá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ. Má wò mí bí ìkà o. Èmi náà ní ọ̀gá tó ń bi mí."

Màmá kò sọ nǹkan kan. Olùtọ́jú rò pé ẹ̀rù ìṣubú ló pa á lẹ́nu mọ́. Kò mọ̀ pé ó ń fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn ni, bí aránṣọ ṣe ń fi ìwọ̀n ara oníbàárà sọ́kàn, tí kò sì ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Olùtọ́jú dùbúlẹ̀ sílé títí ó fi lè bẹ̀rẹ̀ di okùn bàtà rẹ̀. Iléeṣẹ́ kò san nǹkan kan fún un, nítorí ẹni tó fara pa lẹ́yìn igbe kejì, òun ló pa ara rẹ̀ lára. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ, wá jókòó tì í.

"Mo ti bá ọ gba àyè níbi iṣẹ́ wa. Wọ́n á dúró dè ọ́ títí ìparí oṣù."

"Kí n wá máa fọṣọ?"

"Kí ló ṣe aṣọ? Aṣọ kì í pe èèyàn padà bó bá ti wọ bàtà tán."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn sì dùn ún. "Ta ni n ó fi Màmá sílẹ̀ fún?"

"Ẹni tí wọ́n bá rán wá ni. Ṣé ìwọ lo bí i ni, àbí òun ló bí ọ? Ọmọ tó bí gan-an dà?"

Olùtọ́jú mọ̀ pé àwọn olùtọ́jú mìíràn ti jẹ́ Eyínafẹ́ Màmá kí òun tó jẹ́ ẹ, lórúkọ mìíràn. Ọ̀kan ti lọ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Èkejì kò tilẹ̀ dágbére, ńṣe ló kàn pa fóònù rẹ̀. Ó ní òun máa padà lọ wò ó ná.

Nígbà tó padà, Màmá ti yàtọ̀.

"Ṣé ẹ máa lo ilé ìtọ̀ kí n tó máa lọ?"

"Rárá o. Kò gbọ̀n mí."

"Tíì yín rèé o."

"Gbé e síbẹ̀. Lọ máa fọ abọ́ rẹ."

Tẹ́lẹ̀, tíì a máa tutù lọ́wọ́ Màmá kó tó mu ún dé ìdajì. Báyìí, kí olùtọ́jú tó ti ilé ìdáná dé, ife ti gbẹ.

"Ẹ ti mu ún tán?"

"Àbí o fẹ́ kí n mu ife rẹ̀ mọ́ ọn ni?"

Bí fóònù bá sì ti ké, Màmá kì í pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ibi yòówù kí ìtàn rẹ̀ dé, yóò gé e bí ẹni fi àlùmọ́gàjí gé òwú. "Ó ti ké, ọmọ mi. Máa lọ."

Olùtọ́jú ń tètè dé ọ̀dọ̀ arúgbó tó kàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ sinmi. Ó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé iṣẹ́ náà ti ń rọrùn, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ ilé ìfọṣọ falẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ìrọ̀rùn náà ti wá. Ta ló ń bi ìrọ̀rùn léèrè? Ó rí i pé ètè Màmá ń là, ó fi ìpara pa á, ó ní ọjọ́ ogbó ni. Òdòdó inú ìkòkò tó wà lẹ́bàá àga, tó ti rọ débi pé olùtọ́jú ti fẹ́ dà á nù nígbà kan, wá sọjí, ó ń yọ ewé tuntun.

"Màmá, òdòdó yín yìí mà ń gbádùn o."

"Òun ló ń jayé. Èmi ń wò ó níran."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kanlẹ̀kùn, kò gbọ́ ohùn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Màmá wà lórí àga, orí rẹ̀ ṣubú sí èjìká, ahọ́n rẹ̀ wúwo lẹ́nu.

"Ọ̀gá mi, ẹ má nà mí," ni Màmá ń wí. "Èmi kọ́ ni mo ba aṣọ náà jẹ́."

Ó ti padà sí ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́.

Nílé ìwòsàn, dókítà fi ìka fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ Màmá sókè, awọ náà kò tètè padà sípò. "Omi ti tán lára wọn. Ta ló ń tọ́jú wọn?"

"Èmi ni."

"Ṣé wọ́n ń mu omi?"

"Wọ́n ń mu ún. Èmi ni mò ń gbé e fún wọn. Wọn kì í ṣẹ́ ẹ kù."

Dókítà wò ó bí ẹni tí irú irọ́ yẹn kò ṣàjèjì sí.

Olùtọ́jú padà lọ sílé Màmá láti mú aṣọ ìwọ̀sùn rẹ̀ wá. Ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó lórí àga Màmá, níbi tí kò jókòó sí rí. Láti ibẹ̀, ọwọ́ ènìyàn tó ìkòkò òdòdó náà láìnà án. Òórùn kíkan kan ń jáde níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ ya ewé sọ́tọ̀. Ilẹ̀ inú ìkòkò rin ṣìnkìn, awọ mílíìkì sì ti bo ojú rẹ̀ funfun. Tíì ni. Tíì àná, tíì ìjẹta, gbogbo tíì tó ti ń gbé wá láti ọjọ́ tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Fóònù dún. Alábòójútó ni.

"Ọmọ rẹ̀ pè mí. Wọn ò ní gbé e padà síbẹ̀ yẹn mọ́, ilé àwọn arúgbó ni wọ́n ń bá a wá. Ó dùn mí o, mi ò purọ́. Àmọ́ àárọ̀ rẹ ti ṣófo báyìí. Bàbá kan wà ní òpópónà kẹta—"

"Ọ̀gá, inú ìkòkò òdòdó ni Màmá ń da tíì sí."

"Kí lo wí?"

"Wọ́n gbọ́ yín lọ́jọ́ tí mo fara pa. Wọn ò fẹ́ kí ìtọ̀ gbọ̀n àwọn lẹ́yìn tí fóònù bá ti ké."

Fóònù mìíràn ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ alábòójútó, kò sì gbé e.

"O ti sọ fún ọmọ rẹ̀?"

"Rárá."

"Ó dáa. Jẹ́ kó mọ síbẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá tí mò ń wí yìí kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kì í béèrè nǹkan kan."

Olùtọ́jú pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé àyè yẹn ṣì wà?"

"Ó wà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Màmá rẹ ti tú ọ sílẹ̀ ni?"

Olùtọ́jú ká aṣọ ìwọ̀sùn náà, ó sì jáde.

Ojú Màmá ti ń mọ́ díẹ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti fa omi sí i lára, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà lára òpó tí àpò omi náà rọ̀ sí.

"Eyínafẹ́."

"Èmi ni, Màmá. Ẹ mu omi díẹ̀."

Ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó fi ife kan ètè rẹ̀. Màmá lanu. Ìgbà náà gan-an ni omi inú àpò tán, tí ẹ̀rọ ara òpó sì ké.

Màmá pa ẹnu dé. Omi ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ lọ sí ọrùn.

"Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni, Màmá. Kì í ṣe fóònù. Ẹ mu ún, ẹ jọ̀ọ́."

Màmá fi ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀ rọra ti ife náà padà.

"Ó ti ké. Máa lọ, kí wọ́n má bá ọ wí." Ó dijú. "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Mi ò mu nǹkan kan."