Ariwo Ẹ̀yìn Àga

Nígbà tí mo ra ọkọ̀ asáré àlòkù náà, mi ò tan ara mi jẹ. Ọkọ̀ tó ti sáré lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kò ní wọlé mi bí ìyàwó tuntun. Ó lè jò, ó lè gbóná, ó lè kọ̀ kó má jí láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bá wọ bàtà gogoro. Gbogbo ìyẹn ni mo ti fọkàn sí. Àwọn tó ń sọ pé obìnrin tó ń rán àga ọkọ̀ jẹun kò yẹ kó gun irú rẹ̀, mo ní kí wọ́n wá bá mi tì í tó bá kú sójú ọ̀nà, ṣebí apá wọn pé.

Àmọ́ eléyìí ò sí nínú ohun tí mo retí. Ọkọ̀ ń dún kó-kó-kó, lẹ́yìn àga gan-an, níbi tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà. Síbẹ̀ kò jò, kò gbóná, ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Àìsàn wo ló ń ṣe ẹni tó ń jẹun, tó tún ń rẹ́rìn-ín?

Mẹkáníìkì wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Jẹ́jẹ́, tẹ́tí sí i, ó mirí.

"Àǹtí, àfi ká sọ ẹ́ńjìnì yìí kalẹ̀."

"Ṣé ẹ ti sọ irú ẹ̀ kalẹ̀ rí?"

"Ẹ́ńjìnì ni ẹ́ńjìnì."

"Ọ̀gá, ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn."

Ó họrí. "Rárá. Tí mo bá tú u, mi ò lè búra pé á padà sí bó ṣe wà. Tá ò bá sì tú u, ó lè fọ́ mọ́ yín lẹ́yìn lórí eré. Ẹ mú ọ̀kan."

Ẹ mú ọ̀kan! Bí ẹni ń yan bọ́tìnnì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, agbẹ̀bí, ló bá mi lọ sọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́. Ó ti jókòó sínú ọkọ̀.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọkọ̀ náà lóyún ni?"

"Bú mi tán, kó o wá dáhùn."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ṣe inú ẹ̀ tán."

"Kí lo ṣe sí i?"

Mo ṣàlàyé. Ọkọ̀ tí mo rà ń bú ramúramù débi pé tẹ́ni tó jókòó tì mí bá sín, mi ò ní gbọ́. Èmi tí mò ń tún ti aráyé ṣe, ṣé tèmi ló máa rí wúruwùru? Mo tẹ́ fóòmù nínípọn sílẹ̀, mo fi bo ilẹ̀kùn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ òrùlé. Ẹ̀yìn àga nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn, nítorí ooru. Inú ọkọ̀ wá dákẹ́ bíi yàrá aláìsàn, àfi...

Àbí ìdákẹ́ náà ló jẹ́ kí n máa gbọ́ ọ? Mo fa ọ̀bẹ tí mo fi ń gé awọ yọ.

"Àǹtí, ṣé kò sí o?" Jẹ́jẹ́ sún sẹ́yìn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ bà jẹ́."

Mo ya fóòmù náà títí irin fi hàn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà á yí àdúgbò ká. Ó ń bú bí ẹranko. Kó-kó-kó di àwátì.

"Ó ti san!" ẹ̀gbọ́n mi pariwo.

"Àbí a kàn tún fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀ ni?"

A padà, mo dúró, mo ṣí ìdérí ẹ̀yìn, mo dẹ etí. Ó wà níbẹ̀. Kó, kó, kó. Kò lé, kò dín.

"Ó lè ti máa dún láti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó ni ín," Jẹ́jẹ́ ní.

"Kí wá ni ìtumọ̀ ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

Ọjọ́ yẹn ni Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ wù mí, torí ó sọ òótọ́. Èmi náà ò mọ̀. Ṣé ohùn ọkọ̀ náà nìyẹn, àbí ikú tó ń rọra kan ilẹ̀kùn? Mo mọ̀ pé kò tíì yí ohùn padà, mo sì mọ̀ pé ẹni tí ò tú irú ẹ̀ rí ló fẹ́ tú u.

"Ẹ gbé sípánà sílẹ̀, ọ̀gá. Àràárọ̀ ni màá máa ṣí i gbọ́. Ọjọ́ tó bá yí ohùn padà, a ó tú u."

"Tó bá wá fọ́ ńkọ́?"

"Ẹ wá bá mi tì í."

A padà wọ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú gírígírí. Mo fẹsẹ̀ tẹ eré mọ́lẹ̀.