Ọkọ̀ Pupa Lórí Òkè Valserra

Nígbà tí Gaspare Torchia wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì Ersilia, kò dá a mọ̀. Ersilia ti dá a mọ̀ kó tó lanu sọ̀rọ̀. Irun orí ọkùnrin náà ti re, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu yẹn kò yí padà. Ẹ̀rín náà ló fi wo ìyá Ersilia ní kóòtù lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Gaspare ló ta ọkọ̀ àlòkù kan fún Duilio, àbúrò Ersilia, nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni Duilio fi wà á. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Valserra, bíréèkì kọ̀, ọkọ̀ já sínú ọ̀gbun. Gaspare búra fún adájọ́ pé bíréèkì dára bí tuntun, pé ọmọkùnrin náà ló mutí yó. Adájọ́ gbà á gbọ́. Àwọn ará Valserra náà gbà á gbọ́. Látọjọ́ náà, bí ìyá wọn bá ń kọjá níwájú ilé ọtí, ṣe ni wọ́n á dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí tí yóò fi kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà títí ó fi kú.

Orúkọ ọkọ Ersilia ló wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, irun Ersilia fúnra rẹ̀ sì ti funfun. Ibo ni Gaspare yóò ti mọ̀ ọ́n?

Ottavio, dókítà eyín tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá, Gaspare ló sì fẹ́ rà á. Pupa ni, oníjòkòó méjì, ó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń hó bí ìkòkò. Ọdún mẹ́rin ló ti wà nínú gáréèjì láìjáde.

"Ersilia, wò ó dáadáa," ni Ottavio wí. "Bí nǹkan bá ṣe é, sọ ọ́. N kò fẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn."

"Ẹ wo bíréèkì rẹ̀ fún mi, màmá," ni Gaspare gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ogójì ọdún ni mo fi ta ọkọ̀, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ mi jẹ. Ìyàwó mi tuntun ni mo fẹ́ fi gbé lọ sétí òkun."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá. Màá wò ó bí ẹni pé àbúrò mi ló fẹ́ wà á."

Ó gbé ọkọ̀ sókè, ó tú táyà. Níwájú, irin róbótó tí páàdì máa ń fún mú ti jẹ, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Lẹ́yìn ló ti rí àléébù gan-an. Rọ́bà tí òróró bíréèkì ń gbà ti wú, ó ti sán. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, òróró kán sí i níka. Lórí ilẹ̀ títẹ́, bíréèkì yóò ṣì mú fún ìgbà mélòó kan. Lórí òkè Valserra, yóò bẹ́.

Ersilia lóṣòó síbẹ̀. Kí n ṣáà dákẹ́ ni, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Kí n ní ó dára. Èrò náà dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yìí bá kú, pẹ̀lú irọ́ rẹ̀ ni yóò kú, Duilio á sì jẹ́ ọ̀mùtí títí láé. Ohun tí Ersilia ń fẹ́ wà nínú ẹnu yẹn.

Ó dá táyà padà.

"Bíréèkì ńkọ́?" ni Gaspare bi í.

"Ẹ jẹ́ ká gun òkè ná. Èmi á wà á lọ, ẹ̀yin á wà á bọ̀."

Jíà kejì ló fi gùn ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíréèkì ọwọ́, tí kò lo òróró, ló sì ń fà. Ní Valserra, àwọn bàbá arúgbó ń fi káàdì ta ayò níwájú ilé ọtí Mafalda bí wọ́n ṣe ń ṣe láràárọ̀. Ersilia kọjú ọkọ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó bọ́ sílẹ̀. Gaspare bọ́ sídìí sítíárìn, ó tẹ bíréèkì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó le. Lẹ́ẹ̀kejì, ó rì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀.

"Màmá! Bíréèkì yìí ti kú!"

"Ó ṣáà gbé wa débí."

"Ṣé orí yín pé? Ẹni tó bá wa èyí sọ̀ kalẹ̀, ọ̀run ló ń lọ!"

Ersilia fi ìdí ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa. "Tún un wí. Pariwo rẹ̀, etí Bàbá Nazzareno tó jókòó síbẹ̀ yẹn ti di."

Àwọn bàbá gbé káàdì wọn sílẹ̀.

"Ta ni ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n Duilio Scarani."

Ojú Gaspare funfun bí ẹfun.

"O búra pé irú bíréèkì yìí dára bí tuntun, pé ọtí ló pa á. Ṣé o mutí láàárọ̀ yìí?"

"Rárá."

"Ó dáa. Tú bíréèkì ọwọ́, kí o máa lọ."

Ó wo ọ̀nà, ó wo kọ́nà tó wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bíréèkì ọwọ́, kò tú u. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bọ́ sílẹ̀."

"Wà á lọ, tàbí kí o sọ̀rọ̀."

Kò sẹ́ni tó bá a bẹ̀ ẹ́.

"Mo mọ̀," ni Gaspare wí níkẹyìn.

"Kí lo mọ̀?"

"Rọ́bà bíréèkì ọkọ̀ Duilio ti sán. Mo fi téèpù wé e, mo fi ọ̀dà kùn ún. Mo rò pé yóò ṣì ṣiṣẹ́ di ìgbà òtútù."

"Ọtí ńkọ́?"

"N kò rí ọtí kankan. Lọ́yà mi ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá Nazzareno ṣí fìlà. Òun ló ti ń sọ ọ́ káàkiri jù lọ pé Duilio yó lọ́jọ́ náà. Ersilia kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kúrò nídìí ilẹ̀kùn.

"Ẹ bá mi wá takisí," ni Gaspare bẹ Mafalda.

"Kò sí takisí níbí," ni Mafalda dá a lóhùn, takisí ọkọ rẹ̀ sì dúró lójú gbogbo wọn.

Kìlómítà méje ni Gaspare fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, pẹ̀lú bàtà aláwọ olówó ńlá.

Àwọn bàbá mẹ́fà ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ kejì, Nazzareno ló sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Nígbà tí yóò fi di ìgbà ìrúwé, adájọ́ mìíràn ti wẹ orúkọ Duilio mọ́, ọ̀ràn Gaspare sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ottavio bi Ersilia nígbà tó wá gba ọkọ̀ rẹ̀, tí Ersilia ti pààrọ̀ gbogbo bíréèkì rẹ̀: "Ká ní Gaspare tú bíréèkì ọwọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé wàá dá a dúró?"

Ersilia ń fọ òróró lọ́wọ́.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀ pé kò gbìyànjú rẹ̀."