Ọ̀dàlẹ̀ Inú Ọkọ̀ Ogun

"Ta ló ń sọ ibi tí a wà fún wọn?"

Aránṣọ ló bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì tẹjú mọ́ èékánná ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ní in. Pẹ́lẹ́bẹ́, àbúrò aránṣọ, ò gbójú kúrò lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí ọkọ̀ ogun wọn ti ń rì. Imú ọkọ̀ ti wọ omi, ìdí rẹ̀ yọ sókè bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ tó ń wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀. Epo tó dà sójú òkun ti gbiná. Àwọn atukọ̀ ń bẹ́ sínú iná náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá bọ́ síbẹ̀ á ju apá díẹ̀, lẹ́yìn náà á dúdú, á sì dákẹ́. Àwọn tó ṣe géèmù yìí ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Atukọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Òmíràn á máa pe ìyá rẹ̀, òmíràn á kàn máa sunkún títí omi á fi dí i lẹ́nu.

Omi Ò Níbojì ni orúkọ géèmù náà. Ẹni mẹ́ta ló ń wà nínú ọkọ̀ kan: ẹni kan ń darí ọkọ̀, ẹni kan ń yin àgbá, ẹni kẹta, tí í ṣe ọ̀gá, ń pàṣẹ. Kùrukùru bo gbogbo òkun. O ò lè rí ọ̀tá àfi tí ẹ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbárí. Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí o mọ ibi tí ọkọ̀ wọn máa yà sí kí wọ́n tó mọ ibi tí tìẹ máa yà sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ló máa fi àdó abẹ́ omi ránṣẹ́: irin gígùn kan tó ń wẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹja, tó ń lọ síbi tí o kò tíì dé, kí ẹ lè jọ pàdé níbẹ̀.

Ọkọ̀ aránṣọ àti àdó alápatà, ọ̀gá ẹgbẹ́ kejì, kì í sì í ṣàìpàdé.

"Ó yá, ẹni tó rì ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," ni Ìyá Géèmù wí. Òun ló ni ilé géèmù tí wọ́n wà. Wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì tún máa ń rìn bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ pọ̀ nídìí rẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù ti ní kí ó máa gba èrò àwọn tó ń fi í ṣeré, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn ó tún ṣe. Bí ìjà kan bá ti parí, ó máa ń gbé fóònù sí gbogbo ẹnu kí ó lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀: ẹ bú géèmù bó ṣe wù yín, ẹ má bú ìyá ẹni tó ṣe é.

Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ gba fóònù. "Ẹ́ńjìnnì wọn ò mọ́gbọ́n dání. Irin tó tóbi tó báyìí, ẹ ò fi gíà sí i? Ẹni tó ṣe é ò tíì sùn sábẹ́ mọ́tò rí."

Olùkọ́ ìṣirò, tó jókòó sẹ́yìn tó ń retí kí ààyè ṣófo, nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Èmi ṣàkíyèsí pé ìgbì kan náà ni wọ́n ń lò lálòtúnlò. Ẹ wò ó dáadáa, ó ń padà wá."

"Wọ́n ń pa wá, ìgbì ni ìwọ ń kà!" ni mẹkáníìkì wí.

"Ẹni tó bá ń rì, kí ló tún fẹ́ kà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí fóònù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Géèmù yìí ò ní àléébù kankan. Èèyàn ló ní." Ó sì wo àbúrò rẹ̀.

Ní òdìkejì, alápatà na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Tábìlì méjì ló kojú síra wọn nínú yàrá gígùn náà, àwọn kọ̀ǹpútà kẹ̀yìn síra, ẹgbẹ́ kan lápá ibí, ẹgbẹ́ kejì lápá ọ̀hún. "Tèmi ò pọ̀, Ìyá," ni alápatà wí. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ò dára. Ẹ̀jẹ̀ gidi kì í tàn bí ọ̀dà bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n géèmù ọ̀hún dùn, kò sì le. Kí èèyàn ṣáà ti la ojú ẹ̀ ni."

"Ṣé o gbọ́?" ni aránṣọ sọ sí Pẹ́lẹ́bẹ́ létí. "Ṣé o gbọ́ ohun tí àna rẹ ń sọ?"

Ọ̀rọ̀ àna yìí ló ń jẹ aránṣọ lọ́kàn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Pẹ́lẹ́bẹ́ ti ń rìn tọ àbúrò obìnrin tí alápatà ní lọ. Ọmọ náà ò fi pa mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ò kà á sí nǹkan kan, títí di ìgbà tí ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yadi nídìí géèmù.

Nígbà kan, ẹnu ni aránṣọ fi ń pàṣẹ. "Ọ̀tún! Òsì! Dúró!" Ẹni tó ń kọjá lójú títì ń gbọ́ ọ. Ó wá rò ó pé etí ni alápatà fi ń borí àwọn, ó sì fòfin de ariwo. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn àga Pẹ́lẹ́bẹ́ ló ń dúró sí, ọwọ́ ló sì fi ń sọ̀rọ̀. Èjìká èèyàn kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́wọ́ aránṣọ. Tó bá fọwọ́ kan èjìká ọ̀tún, kí ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún. Tó bá kan tòsì, kó yà sósì. Tó bá tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ àtàrí ọmọ náà, kó sáré dé òpin agbára. Tó bá dì í lọ́rùn mú, kó dúró. Ọ̀rọ̀ kankan ò jáde mọ́. Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n yìí bí ẹni tó fi aṣọ ọ̀pá méjì rán ṣòkòtò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àtìgbà tí wọ́n ti yadi ni wọ́n túbọ̀ ń kú.

Aránṣọ ti rò ó títí. Òun ló mọ àṣẹ, Pẹ́lẹ́bẹ́ ló ń gbà á. Mẹkáníìkì tó ń yin àgbá kì í mọ ibi tí wọ́n ń lọ àfi tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ewé, ara ewé ló wà.

Ọjọ́ yìí ni wọ́n fẹ́ mọ ẹgbẹ́ tó máa ṣojú ilé náà níbi ìdíje ńlá, ẹni tó bá sì borí lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta ló ń lọ. Alápatà ti mú ọ̀kan. Kí ìjà kejì tó bẹ̀rẹ̀, aránṣọ pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní wo òkun rárá, ọmọ yìí ni òun máa wò: ojú rẹ̀, ètè rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ká ọwọ́ méjèèjì sáyà, ó dúró gbọin.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo ni ká yà sí?" ni Pẹ́lẹ́bẹ́ sọ jẹ́jẹ́.

Aránṣọ ò fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, ó rí ọwọ́ tó ká sáyà, ó bá darí ọkọ̀ bó ṣe wù ú. Ó wọ inú kùrukùru, ó yí po, ó sì yọ lẹ́yìn ọkọ̀ alápatà gan-an.

"Yìn ín!" ni mẹkáníìkì pariwo sí ara rẹ̀.

Àgbá àkọ́kọ́ gé ilé ìdarí ọkọ̀ náà kúrò bí ẹni gé orí ẹja. Ìkejì wọ inú ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù sí. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà funfun, lẹ́yìn náà òjò irin bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, apá àti ẹsẹ̀ sì wà nínú òjò náà. Àwọn tó ṣẹ́kù dì mọ́ pákó, wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n gba àwọn. Mẹkáníìkì fi ìbọn kéékèèké yin àwọn náà títí ojú omi fi tẹ́jú.

"Ìkà ni ọ́!" ni alápatà wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu òógùn. "Àwọn yẹn ti jọ̀wọ́ ara wọn!"

Mẹkáníìkì fò sókè, ó dì mọ́ Pẹ́lẹ́bẹ́. Ọ̀kan sí ọ̀kan. Ọmọ náà yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín tó kún gbogbo ojú.

Ìgbàjú ló fi pàdé ẹ̀rín náà.

"Nígbà tí mo pàṣẹ, a kú," ni aránṣọ wí. "Nígbà tí mi ò pàṣẹ, a yè. Àṣẹ mi lò ń tà! Lónìí tí mi ò fún ẹ ní nǹkan kan, kò sí nǹkan kan tó o máa tà!"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò…"

Ó fà á lọ́rùn ẹ̀wù dìde. Àga ṣubú. Ó gbé e nígbàjú kejì, ó dì í lórí mú, ó sì fi ojú rẹ̀ gbá etí tábìlì. Nǹkan kan dún kẹ́ń. Ẹ̀jẹ̀ fọ́n sójú kọ̀ǹpútà, sórí òkun tí àwọn òkú ṣì ń léfòó, eyín kan sì já bọ́ sáàárín àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé. Mẹkáníìkì di aránṣọ mú láti ẹ̀yìn, aránṣọ fi ìgúnpá lù ú nímú. Alápatà sáré yí tábìlì ká wá là wọ́n, aránṣọ sì ta á nípàá níkùn. Ibi tó ti ń wá ọ̀nà tún gbá Pẹ́lẹ́bẹ́ ni odindi garawa omi tútù kan ti bà á lójú.

"Ní ilé mi?" Ìyá Géèmù ju garawa sílẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ pààyàn, kó pa á nínú kọ̀ǹpútà! Ohun tí mo ra nǹkan yìí sí nìyẹn!"

Pẹ́lẹ́bẹ́ jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀wù di ẹnu mú. Kò sunkún. Nígbà tí ìyá wọn ń kú lọ, ọwọ́ ọmọ yìí ló mú, tó fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Aránṣọ ló rán ẹ̀wù iléèwé rẹ̀ láti kékeré, inú yàrá kan náà ni wọ́n sì ń sùn títí dòní. Kò sí ẹlòmíràn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ọmọ náà wí, ọ̀rọ̀ ń gba àlàfo eyín jáde, "ta ni mo ní tó jù yín lọ, tí màá fi tà yín?"

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani," ni aránṣọ fèsì. "Gbọ́ mi dáadáa. Ìjà kan ló kù. Tí ọkọ̀ yẹn bá tún rì, má tẹ̀ lé mi délé. Kó ẹrù rẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ."

"Ó dáa." Pẹ́lẹ́bẹ́ dìde, ó gbé àga nàró, ó ṣa eyín rẹ̀, ó fi sápò. "Màá wà á. Tó bá rì, ẹ ò ní rí mi mọ́."

Ìyá Géèmù ò gbà kí aránṣọ dúró nítòsí rẹ̀ mọ́. "Ìwọ, bọ́ sí òdìkejì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ alápatà, níbi tí ojú mi ti tó ẹ. Má sọ̀rọ̀, má dìde." Ó ní kí mẹkáníìkì bọ́ sípò ọ̀gá, kí olùkọ́ ìṣirò máa yin àgbá.

Bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ ṣe lọ jókòó láàárín àwọn ọ̀tá, tí omi ń kán lára rẹ̀. Kò jókòó níbẹ̀ rí. Alápatà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un, ó ń fọwọ́ pa ikùn. "O nípàá o," ló wí, láìsí ìbínú. "Tó bá jẹ́ màlúù ni ẹ́, mi ò bá ti so ẹ́ kí n tó sún mọ́ ẹ."

Ìjà kẹta bẹ̀rẹ̀. Kùrukùru bo ojú kọ̀ǹpútà alápatà gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bo tiwọn. Aránṣọ wá a, kò rí ọkọ̀ kankan níbẹ̀, kò rí àmì, kò rí ohunkóhun bí kò ṣe funfun. Ó ń retí ibi tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tà ti máa yọ: bóyá fóònù, bóyá ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kò rí nǹkan kan.

"Òsì," ni alápatà sọ wẹ́rẹ́ fún ẹni tó ń darí ọkọ̀ tirẹ̀. "Wọ́n ń yà sósì."

Aránṣọ tún wo ojú kọ̀ǹpútà. Funfun.

"Wọ́n ti ń sáré báyìí. Gbogbo agbára ni. Ẹ tọ́jú àdó."

Báwo ló ṣe mọ̀? Aránṣọ yíjú sí i. Alápatà ò tiẹ̀ wo kọ̀ǹpútà. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ gba òkè àwọn kọ̀ǹpútà kọjá bí ẹni tó jókòó síta tó ń wo àwọn èèyàn tó ń lọ. Aránṣọ gbójú sókè bíi tirẹ̀.

Ojú Pẹ́lẹ́bẹ́ tó wú ló kọ́kọ́ rí lókè kọ̀ǹpútà, ètè tó ya, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sí àgbọ̀n rẹ̀. Mẹkáníìkì dúró lẹ́yìn rẹ̀ gbọngbọn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lórí àtàrí ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ọwọ́ ọ̀hún gbéra níbẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bà lé èjìká ọ̀tún rẹ̀, níwájú gbogbo ayé.

"Ọ̀tún," ni alápatà wí.