Ta Ló Ń Pa Ẹ́ńjìnì Alhaja?

"Ó tún ti kú," ni Lukman wí. Ó ju ẹ̀ka dóńgóyárò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.

Ògúnkànmí ni mẹkáníìkì ibẹ̀. Ó dúró ti ẹ̀rọ náà, sípánà lọ́wọ́, ó ń gbọ́ bí abẹ inú rẹ̀ ṣe ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí láàárọ̀ yìí, aago mẹ́wàá kò sì tíì lù. Gbogbo ọgbà Alhaja Fàsílátù ní Mówe dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi ariwo ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ojú márosẹ̀.

Ẹ̀rọ arúngi ni wọ́n ń pè é. Bí àwọn agégi Alhaja bá gé igi lulẹ̀ nínú ẹ̀sítéètì kan, wọn á ti ẹ̀ka rẹ̀ bọ ẹ̀rọ náà lẹ́nu, á sì rún un wómúwómú. Tòkunbọ̀ ni Alhaja rà á, ó sì ń fi í yangàn, nítorí ó ní láti Ìbàfò títí dé Ifọ̀, kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀. Àmọ́ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, láti ọjọ́ tó ti pa Adéyanjú tó ń ti igi bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀rọ náà kì í ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó má kú.

"Bọ̀dá Kànmí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín," ni Lukman wí. Òun ni wọ́n gbà sí ipò olóògbé. "Mi ò ti igi sí i mọ́. Èmi àti ọkùnrin yẹn ò jà. Iṣẹ́ ẹ̀ tí wọ́n gbé fún mi, èmi kọ́ ni mo ní kó kúrò níbẹ̀."

"Wáyà ni. Kì í ṣe òkú."

"Wáyà wo? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ fún Alhaja nígbà kan pé dísù ló dọ̀tí? A ti pààrọ̀ dísù. A ti pààrọ̀ fílítà. Bátìrì tuntun rèé. Wáyà wo ló wá kù?"

Ògúnkànmí tẹjú mọ́ sípánà ọwọ́ rẹ̀. Òun nìkan ló mọ wáyà tó kù.

Irin gbọọrọ kan wà tó yí ẹnu ẹ̀rọ náà ká. Bí ọwọ́ bá ti gbá a, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tí igi bá ń wọ́ lọ lè gba ara rẹ̀ là. Súwíìṣì kékeré kan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, òjò sì ti ba súwíìṣì náà jẹ́ kí ẹ̀rọ tó kúrò lókè òkun. Ìgbà tó bá wù ú ló ń pa ẹ́ńjìnì. Kí Adéyanjú tó kú, iṣẹ́ ńlá kan wà nílẹ̀ ní Ọ̀fàdà, Alhaja ń pariwo, ni Ògúnkànmí bá yọ wáyà méjèèjì lára súwíìṣì, ó lọ́ wọn pọ̀, ó fi téèpù dúdú wé e. Ọgbọ́n àwọn mẹkáníìkì wa nìyẹn: ohunkóhun tó bá ń dí ẹ̀rọ lọ́wọ́, yọ ọ́ sọnù, kí iṣẹ́ máa lọ. Ó ní tó bá di Sátidé, òun á wá súwíìṣì tuntun. Ó wá sọ fún Alhaja pé dísù tó dọ̀tí ló fa gbogbo wàhálà, òun sì ti fọ táǹkì. Alhaja yìn ín títí, ó ṣàdúrà fún ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ́ńjìnì fi ṣiṣẹ́ láìwúkọ́, Sátidé mẹ́ta sì kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, okùn tí wọ́n fi ń sọ ẹ̀ka kalẹ̀ lọ́ mọ́ Adéyanjú lọ́wọ́, igi sì wọ́ okùn náà wọlé. Ògúnkànmí wà ní ìdí ọkọ̀, kò jìnnà. Ó gbọ́ tí ọwọ́ kejì Adéyanjú gbá irin náà. Gbà! Ó tún gbá a. Gbà! Ẹ́ńjìnì kò kú. Kí Ògúnkànmí tó sáré dé ìdí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nígbà tí àwọn yòókù ń sunkún, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé ọkùnrin náà lọ sọ́síbítù, òun já téèpù kúrò, ó sì dá wáyà méjèèjì padà sídìí súwíìṣì tó bàjẹ́. Ọlọ́pàá dé, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní ìjàǹbá ni.

Láti ìgbà náà, ìró méjì yẹn kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bí aládùúgbò bá pa ilẹ̀kùn dé ní ilé tó ti háyà yàrá ní Ìbàfò, á fò dìde. Bí wọ́n bá ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, á jáde lọ sí ojú títì títí wọn á fi gún un tán. Ó mọ̀ pé súwíìṣì ló ń pa ẹ́ńjìnì. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà á, nítorí ìgbà tí Lukman bá na ọwọ́ wọlé jù gan-an ló sábà máa ń kú. Àwọn ìgbà kan wà tí òun náà á bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló ń gbá irin ọ̀hún. Tó bá ní kí wọ́n ra súwíìṣì, Alhaja á béèrè bí ẹ̀rọ ṣe wá ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí i. Tó bá sì tún wáyà lọ́ pọ̀, Lukman ló kàn. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ti Ògúnkànmí ti di oṣù mẹ́ta, orúnkún rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó tán.

Ọkọ̀ Alhaja wọlé. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ dáadáa tó fi ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi, mo mọ̀ pé ó ti kú. Ìdí tí mo fi mú un wá nìyí."

Ìbíwùnmí, ìyàwó Adéyanjú, sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ opó lọ́rùn. Ó ti rù débi pé Ògúnkànmí kò kọ́kọ́ dá a mọ̀.

"Bọ̀dá Kànmí, ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. Ògúnkànmí kí i láìwo ojú rẹ̀.

"Alfa ti ṣe àdúà," ni Alhaja wí. "Mo ti ṣe sàárà, àwọn ọmọ kéú ti jẹ ẹ̀wà yó. Ẹ́ńjìnì ò gbọ́. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìyá Ṣeun, inú ló ń bí ọkọ rẹ, ìwọ nìkan ló sì lè bá a sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ìbíwùnmí rìn lọ sídìí ẹ̀rọ náà. Ó kúnlẹ̀ sínú èérún igi, ó gbé ọwọ́ lé irin ẹnu rẹ̀.

"Bàbá Ṣeun, èmi ni. Àkànní, ẹ dákun, ẹ fi ẹ̀rọ Alhaja sílẹ̀. Wọn ò ṣẹ̀ yín. Èmi ni mo ṣẹ̀ yín. Ká ní mi ò bá yín jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tórí gáàsì lásán, ọkàn yín ì bá wà níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín ti sọ ọ́, gbogbo ẹbí ti sọ ọ́, pé ẹnu mi ló pa yín. Mo gbà. Wọ́n ti mú Ṣeun lọ, wọn ò jẹ́ kí n rí i mọ́. Mo gba ìyẹn náà. Ẹ bínú sí mi, ẹ má bínú sí ẹ̀rọ mọ́."

Lukman kọjú sí ògiri. Alhaja fi etí gèlè nu ojú.

"Ó tó, ọmọ mi," ó wí. "Kànmí, tan án. Ká mọ̀ bóyá ó ti gbọ́."

Ògúnkànmí na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Ó mọ ibi tí òun lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ lára súwíìṣì náà tí ẹ́ńjìnì á fi ṣiṣẹ́ títí obìnrin yìí á fi lọ. Inú Alhaja á dùn. Ìbíwùnmí á gbà pé ọkọ òun ti dárí ji òun. Ẹni tí wọ́n bá sì ti dárí jì, ẹ̀ṣẹ̀ ti di tirẹ̀ nìyẹn, títí ayé. Ojú tì í. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ́kọ́rọ́.

"Mi ò ní tan án, Alhaja."

"Kí ló dé?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú opó náà, òun tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

"Ìyá Ṣeun, dìde. Kì í ṣe ẹnu rẹ. Èmi ni." Ó sọ gbogbo rẹ̀: súwíìṣì, wáyà, téèpù, Sátidé mẹ́ta. "Irọ́ ni ti dísù yẹn, Alhaja. Èmi ni mo pa á."

Ìbíwùnmí kò sunkún. Ó ń wo ọkùnrin náà bí ẹni tó ń ka ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré.

"Ó gbá irin náà?"

"Ó gbá a."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Etí mi ló ṣe."

"Ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà náà," ni Ìbíwùnmí wí. "Ó mọ ohun tó ń ṣe."

"Ẹ jẹ́ ká wọ ọ́fíìsì," ni Alhaja wí kíákíá. "Ká rọra jíròrò. Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde ní géètì yìí."

Ìbíwùnmí ti yọ fóònù. Ó tẹ nọ́ńbà, ó fi sí sípíkà. Ó dún pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.

"Obìnrin yìí," ni ohùn Sámúẹ́lì, ẹ̀gbọ́n Adéyanjú, wí láti Ifọ̀, "mo ní o ò gbọdọ̀ pè mí mọ́. Ṣeun wà ní ilé ìwé. Fi wá sílẹ̀."

Ìbíwùnmí kò dá a lóhùn. Ó gbé fóònù náà sílẹ̀ lórí èérún igi, ní iwájú ẹnu Ògúnkànmí tó ṣì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ fún mi," ó wí. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí wáyà."

Ògúnkànmí sún ẹnu mọ́ fóònù náà.

"Bọ̀dá Sámúẹ́lì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi Ògúnkànmí ni, mẹkáníìkì ibi iṣẹ́ Adéyanjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa fóònù."