Ìdákẹ́ Mọ́ríátù

Nígbà tí Mọ́ríátù bá dákẹ́, kí ni ó ń sọ?

Ní agbo ilé Yésúfù, bàbá rẹ̀, ní Ìlobù, wọn kò ka ìbéèrè yìí sí. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni gbogbo wọn ń gbọ́ nínú ìdákẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa mú aṣọ ìró rẹ̀ yá ará ilé láìbi í. Ta ni yóò dán irú rẹ̀ wò lọ́dọ̀ Rísíkátù, àbúrò Mọ́ríátù? Bí ẹnìkan bá fọwọ́ kan kóòmù rẹ̀ lásán, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Ìbínú ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Orí sùúrù ni wọ́n ń gbà kọjá.

Ní ọdún 1954, Yésúfù fi Mọ́ríátù fún Gàfárù, tí ó ń ta iyọ̀ ní Ìfọ́n. Oko bàbá Gàfárù ni ó bá ti Yésúfù pààlà. Èrò rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá di àna, ìjà ilẹ̀ wọn yóò parí.

"Mo ti sọ fún un," ni ó wí. "Kò jiyàn."

Àwọn àáfà sì ní ìlànà kan: bí a bá bi wúńdíá léèrè níbi yìgì, tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó fọhùn, ìdákẹ́ rẹ̀ ni ìyọ̀ǹda. Ìlànà náà ṣàánú onítìjú. Ṣùgbọ́n Mọ́ríátù kì í ṣe onítìjú. Bí a ṣe dá a ni pé kì í yára sọ̀rọ̀.

Rísíkátù mọ ìyàtọ̀ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yìgì, bí ó ti ń di irun fún un, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín pariwo. Gbogbo wọn ni yóò sá padà sí Ìfọ́n!"

"Bí o bá bá mi sọ ọ́, tìrẹ ni yóò jẹ́."

"Ẹ̀yin náà ò sì mọ ariwo pa."

"N kò ní pariwo."

Nígbà tí ilé kún, àwọn àna bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀.

"Gàfárù, o ríre! Ìyàwó tí kò ní bá ọ jà! Àfi kí o máa fi àtùpà wá a nínú ilé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àáfà Jàlálù wá bi í bóyá ó fẹ́ Gàfárù. Mọ́ríátù wà lórí ìkúnlẹ̀, ó dákẹ́.

"Àáfà, ẹ ti gbọ́," ni Yésúfù wí. "Ẹ jẹ́ ká máa ṣàdúà."

Àáfà tẹ́wọ́.

"Ẹ dúró, Àáfà. Ẹ kò tíì gbọ́ nǹkan kan," ni Mọ́ríátù wí.

Ẹ̀rín dá lẹ́nu àwọn àna. Yésúfù sáré ní: "Ojú ló ń tì í."

"Ojú kò tì mí, Bàbá. Mò ń ronú ni. Ẹ̀yin lẹ kò dúró."

"Ilẹ̀ wa ńkọ́?"

"Ilẹ̀ lẹ̀ ń bá wọn jà sí. Kì í ṣe èmi."

Àáfà rẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún ìbéèrè náà bi, ó sì dúró lọ́tẹ̀ yìí. Yésúfù la ẹnu. Àáfà fi ojú pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Mọ́ríátù kò gbé ohùn rẹ̀ sókè ju bí ó ti máa ń ṣe lọ.

"Mi ò fẹ́ ẹ."