Ẹ Fi Ìlú Wé Ara Rẹ̀

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ oníṣirò sọ fún un pé òun máa kọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ àwọn agbẹ̀bí kò ṣe nǹkan kan, inú bí Màmá Agbẹ̀bí débi pé ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ẹ! Ìwọ náà lo máa pè é lásán?"

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Bí a ṣe ń dán nǹkan wò nìyẹn. A máa gbà pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ká wá wò ó bóyá ìṣirò máa kọ̀ ọ́."

"Bí ò bá kọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Mo máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó dun ìyá rẹ̀, kò sì fi pamọ́. Síbẹ̀ ó mọ̀ pé bí ọmọ yìí bá purọ́ nítorí òun, ojú òun gan-an ni yóò tì. "Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà," ó wí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ìlera ti ṣírò pé àwọn ìlú tó ní ilé agbẹ̀bí ni ọmọ tuntun ti ń kú jù, ó sì fẹ́ ti gbogbo ilé náà pa. Ọ̀gá yìí kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn yára jù ni. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n kọ́kọ́ ń rán agbẹ̀bí lọ. Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ jù ni.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Màmá jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, báàgì lórí itan. Ọmọ rẹ̀ dìde níwájú. Ó ní òun ò fi ìlú wé ìlú. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni òun fi wé ara rẹ̀, kí agbẹ̀bí tó dé àti lẹ́yìn tó dé, òun sì ti yọ ìyípadà tó kan gbogbo ìlú lọ́dún kan náà kúrò. Orí Màmá wú. Àbí kí ni àwọn agbẹ̀bí ń ṣe nídìí òṣùwọ̀n ọmọ? Ta ló ń fi ọmọ wé ti aládùúgbò? Ìwọ̀n rẹ̀ lóṣù tó kọjá lèèyàn ń wò.

"Ìlú kan náà lò ń pè wá jẹ́rìí lọ́dọọdún," ọ̀gá náà já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ẹnu kan ni, o wá kà á sí ẹnu púpọ̀."

Màmá di báàgì rẹ̀ mú. Ọmọ rẹ̀ ò tiẹ̀ mira.

"Òótọ́ lẹ sọ, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka gbogbo ọdún ìlú kan sí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Ìdánilójú wa dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wó. Èrò pé iṣẹ́ wọn kò ṣe nǹkan kan, ìṣirò ti kọ̀ ọ́: lẹ́yìn tí wọ́n dé, ọmọ tuntun tó ń kú dín kù."

Ọ̀gá náà yẹ ìwé tó wà níwájú rẹ̀ wò títí. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n má ti ilé kankan.

Màmá ò mọ ìgbà tó dìde. Gbogbo ojú yí sí i.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ béèrè nǹkan ni?" akọ̀wé ìpàdé bi í.

"Rárá o. Ọmọ táwọn obìnrin bí sí mi lọ́wọ́ ò lóǹkà. Èyí tó dúró níwájú yẹn, èmi fúnra mi ni mo bí i."