Ọkọ̀ Kẹtàlélọ́gọ́ta

Zdravka ni orúkọ mi. Èmi ni mo máa ń jókòó sí tábìlì iwájú ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, tí wọ́n sì ti ń tún un ṣe, ní etí ìlú Lovech. Bí ọkọ̀ rẹ bá ń pariwo, èmi lo máa kọ́kọ́ rí. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi náà lo máa bínú sí, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá ìbínú padà fún ẹni tó ni ín. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó pè mí ní òpùrọ́ rí.

Ní oṣù kejì ọdún yẹn ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ọkọ̀ wa. Wọ́n ní báàgì afẹ́fẹ́ tó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ò dára. Báàgì yìí ló yẹ kó wú jáde, kó gba èèyàn mọ́ra bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Àmọ́ agolo irin kékeré tó ń fẹ́ ẹ ti ń jẹrà nínú ooru, lọ́jọ́ tó bá sì bú, irin wẹ́wẹ́ ló máa fọ́n sí ojú àti ọrùn ẹni tó yẹ kó gbà là. Wọ́n fi fọ́tò kan sínú lẹ́tà náà. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, mo dà á dojú dé.

Ọkọ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà lágbègbè tiwa. Wọ́n ní kí a pè wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a pààrọ̀ agolo náà lọ́fẹ̀ẹ́, kí gbogbo ẹ̀ sì parí kí oṣù kẹfà tó tán. Ọ̀gá wa, Kalchev, lẹ orúkọ àwọn tó ni wọ́n mọ́ ògiri ẹ̀yìn mi. Ó ní bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, wọ́n máa gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wa, kí kálukú lọ máa gbin ọ̀dùnkún.

Àwọn tó kọ lẹ́tà yẹn ò mọ bí a ṣe ń lo ọkọ̀ níbí. Ẹni tó bá ra ọkọ̀, ọ̀dọ̀ àlùfáà ló ń kọ́kọ́ gbé e lọ. Àlùfáà á wọ́n omi sí i, wọ́n á wá lẹ àwòrán ẹni mímọ́ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, gan-an lórí ìdérí báàgì yẹn. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, torí kò yẹ kí ẹni mímọ́ jábọ́. Ìjókòó tó sì kọjú sí àwòrán náà, ti àgbà ni. Ẹni tó bá fi ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, tó gbé ìyàwó rẹ̀ síwájú, abúlé á fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ mu kọfí fún odidi ọdún kan.

Stoyko, mẹkáníìkì wa, ló ń pààrọ̀ agolo. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ á jókòó sí yàrá iwájú, wọ́n á máa mu kọfí mi, lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n á gba ọkọ̀ wọn, àwòrán wọn á ṣì wà níbi tó wà. Kò sẹ́ni tó wá bá mi jà pé wọ́n fọ́ Màríà Mímọ́ òun. Mo máa ń yin ọwọ́ Stoyko fún un. Agolo àtijọ́ tó bá yọ, inú àpótí la máa ń kó o sí, a ó dá a padà fún àwọn tó ṣe é kí wọ́n lọ rún un. Èmi ni mo ń lẹ tépù mọ́ àpótí. Àwọn agolo náà mọ́ tónítóní, mo rò pé Stoyko ló ń nù wọ́n.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹfà ni ọkọ̀ kẹtàlélọ́gọ́ta dé. Opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin kan, Ìyá Rayna Yotova, ló ni ín, aládùúgbò rẹ̀ ló sì wà á wá. Ìyá náà kò mu kọfí. Ó tẹ̀ lé ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó káwọ́ gbera, ó dúró tì í. Kò pẹ́ tí Stoyko fi wá bá mi.

"Àǹtí Zdravka, ẹ wá gbà mí lọ́wọ́ màmá yìí."

Mo lọ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Wọ́n á ṣí ìdérí yìí, wọ́n á sì dá a padà."

"Ṣé àwòrán mi ò ní fọ́?"

Stoyko wolẹ̀. "Ó máa fọ́, màmá."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án nìyẹn. Ọkọ mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ lẹ Nikola Mímọ́ yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó kú. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa jí i dìde kó wá lẹ òmíràn ni?"

"Nǹkan tó wà lábẹ́ ẹ̀ lè pa yín, màmá!"

"Ọmọ mi, mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kí ni ò lè pa mí? Àtẹ̀gùn yín níta yẹn gan-an, díẹ̀ ló kù kó pa mí."

Aládùúgbò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé, mo tiẹ̀ jágbe mọ́ ọn, ohun tí kò yẹ kí n ṣe. Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó síwájú, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Nikola Mímọ́, wọ́n sì lọ. Ó gbàgbé ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ sórí tábìlì mi.

Aago márùn-ún ku díẹ̀. Kalchev yọjú láti òkè. "Zdravka! Ti ìkẹyìn yẹn ńkọ́?"

"Ó ti parí, ọ̀gá."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ wúwo lẹ́nu mi. Mo kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé a ti ṣe é. Mo lu òǹtẹ̀ sínú ìwé màmá náà, mo buwọ́ lù ú, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó wá ku agolo tuntun tó yẹ kó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, torí wọ́n máa ń ka ohun tí a bá dá padà. Mo gbé e sínú àpótí àwọn àtijọ́, mo lẹ tépù mọ́ ọn. Èyí tó dára lọ síbi tí wọ́n ti ń rún irin, èyí tó burú wà lójú ọ̀nà.

Stoyko dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹ̀. "Ẹ̀yin náà, Àǹtí?" ló wí. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó lọ fọwọ́ ẹ̀.

Mo sọ fún ara mi pé ìyá arúgbó tí kì í kọjá ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà ni, kí ló fẹ́ ṣe é? Mo tún ní màá pè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò pè é.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ni ọdún Màríà Mímọ́. Ọjọ́ yẹn, gbogbo agbègbè wa ló ń lọ sí ilé àdúrà àwọn mọ́ńkì ní Oreshak, lẹ́yìn Troyan, ìyá mi kì í sì í pa á jẹ. Mo wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ lọ sí abúlé kí a lè jọ lọ. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà tí Plamen, àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Pleven, fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Àǹtí mi, mo ti ra ọkọ̀! Mo ti gbé màmá, a ó pàdé níbẹ̀. Ẹ wo òǹtẹ̀ ta nìyí!"

Fọ́tò àkọ́kọ́ jẹ́ ojú ìwé ìtọ́jú ọkọ̀. Òǹtẹ̀ mi wà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé mi náà wà níbẹ̀, orúkọ tó sì wà lókè ni Rayna Yotova. Nínú ìkejì, ìyá mi jókòó síwájú ọkọ̀, ó nà ró ṣánṣán bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Níwájú rẹ̀, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú ibi onígun mẹ́rin kan mọ́ ju ibi yòókù lọ. Àwòrán ti kúrò níbẹ̀.

Mo dìde dúró nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ, mi ò mọ ìdí tí mo fi dìde. Mo pe Plamen, kò gbé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Bọ́ọ̀sì náà ń dúró níbi gbogbo tí ìyá kan bá ti na ọwọ́.

Nígbà tí mo sáré dé iwájú ilé wa, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù. Dena, aládùúgbò wa, dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò bàbà lọ́wọ́.

"O ò bá wọn," ló wí. "Mo ti da omi síwájú táyà fún wọn, kí ìrìn wọn lè máa ṣàn geere. Wo ìyá ẹ níwájú ọkọ̀, bí ìyàwó tuntun!"

Mo tún pe Plamen. Ó gbé e. Mo ń gbọ́ atẹ́gùn, mo ń gbọ́ orin rédíò.

"Plamen, dá ọkọ̀ dúró."

"Hà! Àǹtí mi ti ń jowú. Ẹ fọkàn balẹ̀, ààyè tiyín wà lẹ́yìn."

"Mo ní dá a dúró, kí màmá bọ́ sílẹ̀."

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi. "Kí ló ń sọ? Ní kó gbé banitsa tí mo yan sórí tábìlì dání o, mo gbàgbé ẹ̀."

"Báàgì tó wà níwájú màmá ò dáa, Plamen."

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú! Mo tiẹ̀ tún wò ó lórí fóònù, wọ́n ní kò ku nǹkan kan. Nígbà tí mo rí orúkọ yín, ṣé mo tún ná ọjà? Mo ní, iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyí."

Dena ń wo ẹnu mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohunkóhun tó bá ti ẹnu yẹn jáde máa dé gbogbo ilé tó wà lábúlé. Mo lè ní bíréèkì rẹ̀ ni ò dáa, mo lè ní wọ́n jí ọkọ̀ náà gbé. Irọ́ tó rọrùn pọ̀ níwájú mi, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ń tì mí débi pé etí mi ń gbóná.

"Irọ́ ni mo kọ," ni mo wí. "A ò fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn. Ohun tí a ò ṣe ni mo buwọ́ lù. Tí nǹkan bá kàn yín pẹ́nrẹ́n, ó lè já ọrùn màmá."

Orin rédíò dákẹ́. Mo gbọ́ tí iná tí wọ́n fi ń yà ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn.

"Ó ti bọ́ sílẹ̀," ni Plamen wí, ó sì pa fóònù.

Ọkọ Dena ló fi ọkọ̀ Moskvich rẹ̀ àtijọ́ gbé mi tẹ̀ lé wọn, èyí tí kò ní báàgì kankan rí láyé ẹ̀. A bá wọn lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí àwọn igi pọ́ọ̀mù wà, kí a tó dé Troyan. Ìyá mi jókòó sórí òkúta, ó gbé àbẹ́là rẹ̀ lé itan. Kò wò mí. Plamen fara ti ọkọ̀ náà, àmọ́ lápá ẹ̀yìn ni.

"Àwòrán tó wà níbí ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ọmọ màmá tó ni ọkọ̀ ló yọ ọ́. Màmá yẹn kú lóṣù tó kọjá, orí ibùsùn ẹ̀ ló sùn lọ. Wọ́n gbé àwòrán náà sínú pósí ẹ̀."

"Báwo ló ṣe yọ ọ́? Gọ́ọ̀mù bàtà ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ ni. Ó fẹ́ ooru sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ṣí. Ó ní kò tiẹ̀ ha lára."

Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní irú ẹ̀rọ yẹn nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi níbi iṣẹ́.

Plamen wò mí bí ẹni tó ń wo àjèjì. "Àǹtí, mélòó lẹ ṣe bí eléyìí?"

"Ẹyọ kan. Eléyìí nìkan. Mo fi màmá búra."

Ìyá mi gbójú sókè. "Má fi mí búra," ló wí.

Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Oreshak ń kọjá lọ lára wa, wọ́n tẹ̀ léra wọn. Mo rí ọ̀kan lára tiwa láàárín wọn, aláwọ̀ búlúù, ìyá àgbà kan wà níwájú, àwòrán Màríà Mímọ́ wà níwájú rẹ̀. Èmi ni mo po kọfí fún un nígbà tó wá. Òmíràn tún tẹ̀ lé e, ti Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ló wà lórí tirẹ̀. Àwòrán náà pé, kò sán, kò yẹ̀. Ó máa fọ́, màmá, bí Stoyko ṣe wí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Mo pe Stoyko.

"Stoyko, àwọn ọkọ̀ tó ní àwòrán lórí. Báwo lo ṣe ń ṣí ìdérí wọn?"

Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Àǹtí," ló wá wí.

"Kí ni mo mọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ń lẹ tépù mọ́ àpótí. Ẹ rí i pé tuntun ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin náà sì gbé tiyín síbẹ̀ níṣojú mi." Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn tí kò ní àwòrán, mo ṣe wọ́n dáadáa. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Mọ́kànlá."

Mọ́kànléláàádọ́ta ló ṣẹ́kù, yàtọ̀ sí èyí tó wà níwájú mi, òǹtẹ̀ mi sì wà nínú ìwé gbogbo wọn. Wọn ò ní gba lẹ́tà kankan mọ́. Ẹni tó bá wò ó lórí fóònù, wọ́n á sọ fún un pé kò ku nǹkan kan.

Mo tú ìborí mi, mo bọ́ sáàárín ọ̀nà, mo ń fì í. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan dẹ ìrìn. Mo mọ ìyá tó wà níwájú rẹ̀, mo mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ tó ń wà á. Mo pariwo pé kí wọ́n dúró. Ìyá náà rẹ́rìn-ín sí mi, ó rò pé ayọ̀ ọdún ló gbé mi dé ojú títì.

"Ẹ kú ọdún o!" ló pariwo láti ojú fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ fun fèrè fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ó juwọ́ sí mi, wọ́n sì kọjá lọ.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyá mi ti dìde lórí òkúta. Ó tú ìborí dúdú orí rẹ̀, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójú ọ̀nà, kò wojú mi. Òmíràn ti ń yọ bọ̀ láti ìsàlẹ̀.